Ibo Ni Èéfín Ń Gbà Jáde? Iná Gáàsì Nínú Ilé Ṣómólú àti Bàrígà

Aago méje alẹ́ ti kọjá díẹ̀ nínú ilé oníyàrá méjìlá kan tó wà lẹ́yìn òpópónà Bájùláyé ní Ṣómólú, ní ìlú Èkó. Wọ́n ti mú iná lọ. Láti ẹnu ọ̀nà iwájú títí dé ẹ̀yìnkùlé, sílíńdà gáàsì kéékèèké tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kálukú gbé tirẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ìrẹsì ń hó lórí ọ̀kan, omi ìwẹ̀ ọmọ ń gbóná lórí òmíràn, ẹnì kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ da ata sínú epo gbígbóná, ni gbogbo ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í sín.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ni ì bá fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ní atẹ́gùn, àmọ́ wọ́n ti tì í pa nítorí àwọn ọmọ ìta. Ní òdìkejì ilẹ̀kùn ọ̀hún, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ń pariwo, ẹnu páìpù èéfín rẹ̀ sì kọjú sí àlàfo tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Omi ń ṣàn lára ògiri, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀.

"Ó ti mọ́ wa lára," ni ìyá kan tó ń ro àmàlà nínú òkùnkùn wí, ó sì fi etí ìró nu ojú. "Tó bá ti pọ̀ jù, a ó bọ́ síwájú ilé lọ gba atẹ́gùn. Tó bá rọlẹ̀, a ó wọlé padà."

Iná yòówù kó jẹ́, ì báà ṣe igi, èédú, kẹrosíìnì tàbí gáàsì, ọ̀nà méjì ló ń béèrè lọ́wọ́ ilé: ọ̀nà tí atẹ́gùn tútù yóò gbà wọlé, àti ọ̀nà tí èyí tó ti jó tán yóò gbà jáde. Àwọn ìlú olótùútù ti fi òfin dè é: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé iná gáàsì tí ń mú yàrá gbóná sínú ilé láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ ọ̀nà èéfín rẹ̀ wò. Ní Ṣómólú àti Bàrígà, iná tuntun la rà, inú ilé àtijọ́ la sì gbé e sí. Kò sẹ́ni tó wo ilé náà wò bóyá ó gbà á.

Ilé ìdáná tó sọnù

Àwọn baba wa kò kọ́ ṣímínì, ihò inú ògiri tí èéfín ń gbà dé orí òrùlé, síbẹ̀ wọn kì í sé èéfín mọ́lé. Nínú agbo ilé àtijọ́, ẹ̀yìnkùlé ni ààrò máa ń wà, lábẹ́ àtíbàbà tí ògiri rẹ̀ kò kan òrùlé. Èéfín á gba abẹ́ koríko òrùlé jáde, kó tó lọ, á ti gbẹ àgbàdo irúgbìn àti ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n kó sórí àjà. Àgbàlá tó wà láàárín ilé, tí òjò ń rọ̀ sí, òun ni gbogbo agbo ilé fi ń mí.

Èkó ló yí i padà. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà ní ìlú náà, ìyẹn sì wà lára ohun tó mú kí ìjọba amúnisìn dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún àdúgbò tó há gádígádí tò. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní 1955, àìmọye ìdílé ló kó ẹrù gba ọ̀nà Mainland. Sùúrùlérè gba díẹ̀, àwọn tó kù wá ilé tí owó wọn ká kiri Múṣin, Ṣómólú àti Bàrígà. Àwọn tó ń bọ̀ láti ìgbèríko wá ṣiṣẹ́ ní Èkó sì tún bá wọn níbẹ̀.

Ẹni tó bá ní ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì nígbà náà, yàrá mẹ́wàá tàbí méjìlá ló máa ń fẹ́ kó sórí rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan á là wọ́n láàárín, ilé ìdáná kan àti ilé ìwẹ̀ kan á wà lẹ́yìn fún gbogbo ayálégbé. Irú ilé yìí ni gbogbo Èkó mọ̀ sí face-me-I-face-you. Ògiri ilé kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fara kan ti èkejì, débi pé bí wíńdò bá ṣí, ògiri aládùúgbò ló ń wò.

Ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé ló kọ́kọ́ lọ. Ilé ń gbówó lórí, àwọn onílé sì rí i pé yàrá kan ló yẹ kó jẹ́, tàbí ṣọ́ọ̀bù. Níbi tó ṣẹ́kù pàápàá, ọ̀pọ̀ ayálégbé kò lò ó mọ́. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, àdúgbò tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ṣàlàyé pé ẹran ló lé ìyàwó òun kúrò níbẹ̀: bó bá yí ẹ̀yìn padà báyìí, ẹran inú ìkòkò á ti dín. Láti ìgbà náà ló ti ń dáná sẹ́nu ilẹ̀kùn, tí òjò bá sì ń fẹ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, inú yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bàrígà wà lára àdúgbò mẹ́sàn-án tí Báńkì Àgbáyé àti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó mú nínú iṣẹ́ àtúnṣe tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2006. Ojú ọ̀nà, gọ́tà àti ilé ìwé ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń tún ṣe. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì fi í sí.

Bí gáàsì ṣe wọlé

Ẹni tó bá ti tó ogójì ọdún ní Bàrígà kò ní gbàgbé ìlà kẹrosíìnì: kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra láti òru, ariwo, ìjà. Sítóòfù olówùú ni gbogbo ilé ń lò nígbà náà. Èéfín rẹ̀ dúdú, ó ń ba síílì jẹ́, òórùn rẹ̀ kì í sì í kúrò lára aṣọ.

Ní 2007 ni iléeṣẹ́ NLNG, tó ti ń ta gáàsì sókè òkun láti 1999, bẹ̀rẹ̀ sí í kó gáàsì ìdáná wá fún ọjà ilé. Nígbà tí owó ìrànwọ́ kúrò lórí kẹrosíìnì ní 2016, tí owó rẹ̀ sì ń lọ sókè láìwẹ̀yìn, àwọn tó ti ń bẹ̀rù gáàsì náà bá ra sílíńdà. Ní oṣù kẹta 2021, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọdún mẹ́wàá gáàsì ti bẹ̀rẹ̀, pé títí di 2030 ni wọn yóò fi gbé e lárugẹ.

Lónìí, kò sí òpópónà kan láàárín Onípanu sí Ìlàjẹ tí ẹnì kan kò ti gbé òṣùwọ̀n síta tó ń ta gáàsì ní kílò kílò. Obìnrin kan tó ń tà á nítòsí Ladi Lak sọ pé sílíńdà kílò 3 àti kílò 6 ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń gbé wá. Kílò kan péré làwọn mìíràn ń rà. Wọ́n máa ń bi í léèrè iye tó ń tà á, wọ́n á wo òṣùwọ̀n bóyá ó pé. Nínú gbogbo ọdún tó ti ń tajà, kò rántí ẹni tó bi í léèrè ibi tó yẹ kí òun gbé e sí nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe láti bu ẹnu àtẹ́ lu gáàsì. Ó sàn ju igi àti kẹrosíìnì lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ni èéfín inú ilé ṣekú pa káàkiri ayé ní 2020. Ní Ìbàdàn tí kò jìnnà sí wa, àwọn onímọ̀ ìṣègùn tẹ̀ lé aláboyún 324 tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná, wọ́n fún apá kan nínú wọn ní sítóòfù tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2017. Àwọn tó gba sítóòfù tuntun, ìfúnpá wọn kò lọ sókè tó ti àwọn tó kù. Ìyẹn fi hàn pé ohun tí a fi ń dáná kan ẹ̀jẹ̀ aláboyún gan-an.

Iná tó mọ́ ti wá dé. Ilé ló kù tí kò tíì mọ bí yóò ṣe gbà á lálejò.

Ohun tí iná aláwọ̀ búlúù ń tú jáde

Ohun tí àwọn tó ń ta gáàsì máa ń sọ ni pé kò ní èéfín. Òótọ́ ni pé ojú kì í rí i. Bí kílò kan gáàsì bá jó dáadáa, ó máa ń tú nǹkan bí kílò 3 kábọ́nù dàọ́ksáìdì sínú afẹ́fẹ́, pẹ̀lú omi tó lé ní kílò kan ààbọ̀. Omi tí ẹni tó bá jó sílíńdà kílò 3 tán nínú yàrá rẹ̀ ń da sára ògiri, sára aṣọ àti sábẹ́ síílì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kẹ́ẹ̀gì lítà 5. Ibẹ̀ ni èbu dúdú tó ń hù ní igun yàrá ti ń wá, tí àwọn ayálégbé fi ń sọ pé onílé lo yanrìn oníyọ̀.

Iná náà sì ń jẹ atẹ́gùn. Kílò kan gáàsì ń fẹ́ nǹkan bíi kúbíìkì mítà 12 afẹ́fẹ́ kó tó lè jó tán. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10, tí síílì rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 9, kò gbà ju nǹkan bíi kúbíìkì mítà 25 lọ. Ẹni tó tan ojú iná méjì fún wákàtí méjì, tó ń se ẹ̀wà lórí ọ̀kan, tó ń se ẹran lórí èkejì, ó lè ti lo ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo afẹ́fẹ́ yàrá náà bí ilẹ̀kùn àti wíńdò bá tì.

Atẹ́gùn kò ní í tán kí wàhálà tó dé. Bó bá ti ń dín, iná náà kò ní í jó tán mọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú kábọ́nù monọ́ksáìdì jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú. Bó bá wọ ẹ̀jẹ̀, á gba àyè atẹ́gùn, nítorí pé ó fi ohun tó lé ní ìgbà 200 rọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju atẹ́gùn lọ. Orí fífọ́ ló máa ń kọ́kọ́ wá, òòyì á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà èébì, àárẹ̀ àti oorun. Ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀ lè má jí.

Dókítà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní agbègbè náà sọ pé ibà làwọn ènìyàn máa ń pè é. Wọ́n á gbé oògùn ibà lò, ara á fúyẹ́ nígbà tí wọ́n bá lọ síbi iṣẹ́, á tún padà dé lálẹ́. Ó ní ìbéèrè méjì lòun máa ń bi irú wọn: ṣé gbogbo ilé ló ń ṣe, àbí ẹnì kan? Ṣé ara ń yá yín tí ẹ bá jáde nílé? Bí gbogbo ilé bá ń ké orí lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara wọn sì ń yá níta, ó ní kí wọ́n lọ wo ibi tí wọ́n ń dáná sí kí wọ́n tó lọ wo ilé aládùúgbò bí ẹni ń wá àjẹ́.

Iná fúnra rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ aláwọ̀ búlúù, tó dúró ṣinṣin, ó ń jó dáadáa. Bó bá ń pọ́n, tó ń fò sókè sódò, tí ìdí ìkòkò sì ń dúdú, ebi atẹ́gùn ló ń pa á, tàbí kí ìdọ̀tí ti dí ojú iná. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń fi yanrìn ha ìdí ìkòkò dúdú yìí lójoojúmọ́, tí wọ́n rò pé gáàsì burúkú ni wọ́n tà fáwọn.

Ọ̀kan ń lọ sókè, ọ̀kan ń lọ sísàlẹ̀

Ọkùnrin kan tó ti ń so gáàsì mọ́lé fún ìgbà pípẹ́ ní Bàrígà ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń rú àwọn ènìyàn lójú ni pé ọ̀tá méjì ni, ọ̀nà wọn kò sì pa pọ̀. Èyí tó ti jó gbóná, òkè ló ń lọ, nítorí náà lókè ló yẹ kí ọ̀nà àbájáde rẹ̀ wà. Èyí tó jò láìtíì jó, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí. Gáàsì ìdáná wa wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po méjì afẹ́fẹ́. Yóò rákò nílẹ̀, yóò wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, yóò wọ gọ́tà, yóò sì dúró síbẹ̀ títí iná yóò fi bá a.

Díẹ̀ ló ń gbà. Bó bá ti tó ìdá 2 nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́ yàrá, ó lè gbiná. Lítà kan gáàsì tó wà nínú sílíńdà bí omi, bó bá tú síta, ó máa ń fẹ̀ tó nǹkan bíi lítà 250. Òórùn tí imú ń gbọ́ kì í ṣe ti gáàsì fúnra rẹ̀, wọ́n pò ó mọ́ ọn kí a lè mọ̀ pé ó ń jò ni. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá 2020, gáàsì gbiná ní ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Bárúwà, ìjọba ìbílẹ̀ Àlímọ̀ṣọ́. Àwọn tó wà lórí ibùsùn nínú ilé tó yí i ká fara gbá a, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Nínú ilé, ihò òkè àti ihò ìsàlẹ̀ ni ìdáhùn sí ọ̀tá méjèèjì. Ilé àtijọ́ ní díẹ̀ nínú rẹ̀: búlọ́ọ̀kù oníhò lókè ilẹ̀kùn, wíńdò onílúfà tí kì í tì pa tán, àlàfo lábẹ́ òrùlé. Àtúnṣe ìgbàlódé ló ń dí wọn. Onílé á fi síílì POP bo àlàfo òkè, á yọ lúfà, á fi wíńdò gíláàsì tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́pò rẹ̀, èyí tí ìdajì rẹ̀ nìkan ló ń ṣí. Ayálégbé á fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kan ìdajì tó kù, eruku á sì dí nẹ́ẹ̀tì náà. Ilé á dára lójú, owó rẹ̀ á gbéra, àmọ́ ibi tí èéfín yóò gbà jáde á ti di ohun ìgbàgbé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú Ọba

Àwọn ọmọ Ṣómólú tó wà ní Peckham, ní London, mọ apá kejì ọ̀rọ̀ yìí. Níbẹ̀, iná gáàsì wà fún ìgbóná yàrá nígbà òtútù, wọ́n máa ń gbé e sínú ihò ògiri níbi tí èédú ti ń jó tẹ́lẹ̀. Òfin ọdún 1998 lórí gáàsì ló ń darí rẹ̀, láti 2009 sì ni ẹni tó bá máa fọwọ́ kàn án ti gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé Gas Safe, ìwé orúkọ àwọn tó láṣẹ láti ṣiṣẹ́ gáàsì.

Ẹni tó wá ṣe é kì í bẹ̀rẹ̀ láti ara iná. Ṣímínì ló ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Yóò rí i dájú pé wọ́n ti gbá a, pé ẹyẹ kò kọ́ ìtẹ́ sínú rẹ̀, pé èéfín kò ń jò gba ara ògiri sí yàrá tó wà lókè. Yóò ti wíńdò àti ilẹ̀kùn, yóò sun ohun kékeré kan tó ń rú èéfín sí ìdí ṣímínì, yóò jáde síta wò bóyá gbogbo rẹ̀ ń gba orí òrùlé jáde. Bó bá ti so iná mọ́ ọn tán, yóò tàn án, yóò sì gbé ìṣáná tó ń rú èéfín sí etí rẹ̀. Bí èéfín bá wọlé lọ sínú ṣímínì, iná yè. Bó bá padà sínú yàrá, yóò yọ gáàsì kúrò lára rẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Sítóòfù ìdáná kò nílò ṣímínì lọ́dọ̀ wọn, àmọ́ ó ní òfin tirẹ̀. Wíńdò tó ṣeé ṣí gbọ́dọ̀ wà. Bí afẹ́fẹ́ tí ilé ìdáná gbà bá kéré ju kúbíìkì mítà 5, ihò tí kì í tì, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10, gbọ́dọ̀ wà lára ògiri rẹ̀. Nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn tó sì tún ń dáná, wọn kì í gbà kí wọ́n gbé sítóòfù gáàsì sí i bí kò bá gba afẹ́fẹ́ tó kúbíìkì mítà 20.

Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10 ní Bàrígà yóò yege nínú ìdánwò yẹn tó bá ṣófo. Kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́ọ̀dùróòbù, fíríìjì àti àpótí aṣọ sínú rẹ̀, kí ènìyàn márùn-ún sùn níbẹ̀, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2022, onílé tó ń gba owó ilé ní England gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ tó ń ké bí kábọ́nù monọ́ksáìdì bá pọ̀ sí yàrá tí ohun tó ń jó epo tàbí gáàsì wà, yàtọ̀ sí sítóòfù ìdáná. Ọdọọdún ló sì gbọ́dọ̀ pe ẹni tó yẹ láti wá wo gáàsì ilé náà. Onílé ni ẹrù yìí wà lọ́rùn rẹ̀, ayálégbé kọ́.

Ṣímínì tó kọjú sílé

Ohun kan ṣoṣo tó ní páìpù èéfín nínú ọ̀pọ̀ ilé wa ni jẹnẹrétọ̀, inú ilé la sì kọ páìpù náà sí. Àwọn kékeré tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour ló burú jù, torí pé wọ́n fúyẹ́. Alẹ́ bá lẹ́, òjò bá ṣú, tàbí ìbẹ̀rù olè bá dé, wọ́n á gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ilé ìdáná. Irú ìròyìn tí a máa ń gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pé gbogbo ìdílé sùn, wọn kò jí, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ìmọ̀ràn àjọ CDC ní Amẹ́ríkà ni pé kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti wíńdò tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ó kéré tán. Ẹ rìn gba àwọn òpópónà tó wà lẹ́yìn ilé ìwé CMS Grammar School ní Bàrígà lálẹ́, kí ẹ wò bóyá ẹ óò rí ẹsẹ̀ bàtà 20 láàárín ilé méjì. Níbi tí kò bá ti sí, ohun tó kù ni kí wọ́n gbé e síwájú ilé, kí wọ́n kọ ẹnu páìpù rẹ̀ sí títì, kí wọ́n sì pa á kí wọ́n tó sùn. Bí wọ́n bá rò pé àwọn ṣí wíńdò díẹ̀, kò tó.

Kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń rú èéfín sí wa lójú: ní etí ọ̀sà, ní Ìlàjẹ Bàrígà, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja mọ ti èéfín jù wá lọ. Ojú wọn máa ń pọ́n, ikọ́ wọn kì í tán. Ní nǹkan bí 1970, àwọn obìnrin Chorkor ní Accra pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ṣe ààrò ìyanja kan tó ń jẹ igi díẹ̀, tó sì ń dá èéfín dúró sára ẹja dípò ojú ẹni tó ń yan án. Ó ti tàn kálẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù, pákó àti nẹ́ẹ̀tì wáyà ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sì sí ohun tó wà nínú rẹ̀ tí bíríkìlà Bàrígà kò lè kọ́.

Lọ́rùn ta ni?

Bí ẹ bá bi àwọn onílé, wọ́n á ní ayálégbé ló gbé gáàsì wọ yàrá, àwọn kò sọ fún un. Bàbá kan tó ní ilé méjì ní Ṣómólú sọ pé ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé òun ṣì wà, àwọn ènìyàn ni kò lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá bi ayálégbé, yóò ní ilé ìdáná náà kò ní ilẹ̀kùn, òjò ń rọ̀ sí i, eku ti gbà á. Obìnrin kan tó ní kí onílé òun ṣí búlọ́ọ̀kù oníhò tí wọ́n dí padà ní èsì tí òun gbọ́ kò ju ìlà kan lọ: "Màdáàmù, bí ilé mi kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ilé pọ̀ ní Èkó." Ó dákẹ́, torí pé owó ọdún kan, owó àgbẹjọ́rò àti owó ejẹ́ǹtì ni yóò fi wá òmíràn.

Ìjọba náà ní tirẹ̀ nínú. Nàìjíríà ní ìwé òfin ilé kíkọ́ láti 2006. Èkó ní òfin ètò ìlú ti 2010, ó sì ní àjọ LASBCA tó ń mójú tó ilé kíkọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn máa ń fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ilé tó fẹ́ wó, ìyẹn dára. Àmọ́ ilé tí kò wó, tó ń pa àwọn ará inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan kan sára rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú àti ti Bàrígà ní àwọn wolé-wolé. Gọ́tà àti ìdọ̀tí ni wọ́n máa ń wò. Bí wọ́n bá fi ihò èéfín kún un, wọn kò nílò òfin tuntun kankan.

Ohun tí ọwọ́ wa ká

Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ yẹ kí onílé ṣe kò tó owó síílì POP yàrá kan. Kí bíríkìlà ṣí búlọ́ọ̀kù oníhò kan lókè ògiri níbi tí wọ́n ti ń dáná, kó ṣí òmíràn nísàlẹ̀, kí méjèèjì kọjú síta, kí nẹ́ẹ̀tì wáyà bo wọ́n nítorí eku, kí wọ́n sì máa fọ nẹ́ẹ̀tì náà. Kó tún ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé ṣe, kó fi ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹran tó ń dín nínú ìkòkò yóò tán, àwọn ènìyàn yóò sì padà síbẹ̀ fúnra wọn.

Sílíńdà kì í ṣe ohun tí à ń bá sùn. Ìta ni kó wà, ní ìdúró, níbi tí oòrùn kò ti ní í pa á, tí kò sì ní í sún mọ́ gọ́tà. Kí rọ́bà rẹ̀ gba inú páìpù kékeré la ògiri kọjá wọlé. Bí rọ́bà náà bá ti le tàbí tó ti là, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ọṣẹ àti omi la fi ń wò ó bóyá ó ń jò, níbi tó bá ti ń hó ló ti ń jò. Ẹni tó bá fi ìṣáná wò ó ń wá ikú.

Bí òórùn gáàsì bá gba ilé, kí ẹnikẹ́ni má tan iná mànàmáná, kó má sì pa èyí tó ti wà ní títàn, kó má tẹ fóònù nínú ilé. Kí wọ́n ti orí sílíńdà, kí wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kí wọ́n bọ́ síta, kí wọ́n tó pe 767 tàbí 112. Ẹni tí òòyì kọ́ lẹ́yìn iná tàbí jẹnẹrétọ̀, ìta ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, ilé ìwòsàn ló tẹ̀ lé e. Wàrà àti epo pupa tí wọ́n máa ń dà sí i lẹ́nu kò lè lé kábọ́nù monọ́ksáìdì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Atẹ́gùn ló ń lé e.

Èédú tó kù nínú kóólùpọ́ọ̀tù kì í ṣe ohun tí à ń gbé wọ yàrá nítorí òtútù ọyẹ́ tàbí nítorí ẹ̀fọn. Ẹni tó bá sì lágbára kó ra ẹ̀rọ tó ń ké fún kábọ́nù monọ́ksáìdì, kó so ó sí ibi tó ń sùn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀yin onílé Ṣómólú àti Bàrígà, owó ilé ọdún tó ń bọ̀ ti sún mọ́. Kí ẹ tó fi kún un, ẹ pe bíríkìlà. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ má dá bẹ̀ ẹ́, ẹ parapọ̀ bẹ̀ ẹ́, ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì náà, ẹ fi ọ̀nà èéfín sínú ohun tí àwọn wolé-wolé yín ń yẹ̀ wò. Ilé tí kò ní ibi tí èéfín ń gbà jáde kò tíì yẹ ní ilé tí à ń gba owó lórí rẹ̀.